Kí A Tó Gbé Pàṣán: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwà Ọmọ Tí Wárápá Ń Ṣe

 

Lọ́dọọdún, bí àjọ̀dún Gbígbà Màríà Wúndíá Sọ́run bá ti dé nínú oṣù kẹjọ, èrò a máa wọ́ tìrítìrí wá sí Dassa-Zoumè wa yìí, Igbó Ìdáàṣà, ìlú olókè. Àwọn kan á wá láti Kútọnu àti Àjàṣẹ́, àwọn kan láti Ṣábẹ àti Kétu, àwọn mìíràn á tilẹ̀ ti Tógò àti Nàìjíríà wá, kí wọ́n lè gbàdúrà níbi ihò àpáta Ìyá wa ní Arigbo, tí a ti ń rìnrìn àjò mímọ́ lọ láti ọdún 1954. Nínú ogunlọ́gọ̀ èrò bẹ́ẹ̀, a kì í ṣàì rí òbí tí wárápá ń ṣe ọmọ rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà wá kí Ìyá Jésù lè bá a bẹ Ọmọ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, tí ìsọ́ òru bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ kò sùn, tí kò jẹun kánú, tí oògùn rẹ̀ sì wà nílé, àìsàn náà lè gbé e ṣubú lórí òkúta. Àwọn tí ó wà nítòsí á sá sẹ́yìn, wọ́n á sì bo imú.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ léèrè ohun tí ó ń gbé omi sí i lójú. Ọ̀pọ̀ wọn yóò sọ pé kì í ṣe ìṣubú yẹn nìkan. Ìṣubú a dé, a sì kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí ó ń sú wọn ni ìwà ọmọ náà lọ́jọ́ tí kò ṣubú: ìbínú òjijì, àìlèjókòó sójú kan, ìgbàgbé, ẹkún láìnídìí, ìjà pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Aládùúgbò á ní ọmọ burúkú ni. Ìyá àgbà á ní wọ́n ti ba orí rẹ̀ jẹ́. Bàbá á nawọ́ mú pàṣán.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ tí wárápá gbé ṣubú kò lè wo ẹ̀yìn, nítorí kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Àwa àgbà ni ó yẹ kí a bá a wo ẹ̀yìn, kí a mọ ohun tí ó fa ìwà tí a rí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

OÒGÙN TÍ A JÙ SÍNÚ IGBÓ

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọkùnrin ọmọ ọdún 9 kan ní abúlé kan lẹ́bàá òkè. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, wárápá ń gbé e. Àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì fún un ní hóró oògùn funfun tí a ń pè ní Gardénal. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìṣubú dáwọ́ dúró. Inú ilé dùn, wọ́n dúpẹ́ ní Mísà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ tí ó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré káàkiri bí ewúrẹ́ tí ó já okùn. Ó gé àbúrò rẹ̀ jẹ. Ó da agbada àkàsà nù. Olùkọ́ ránṣẹ́ pé kò jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kàwé. Wọ́n nà án, kò gbọ́. Ìyá àgbà ní oògùn òyìnbó náà ti sọ ọmọ di ìkà. Ìyá ọmọ kó gbogbo oògùn náà jù sínú igbó láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹta, wárápá gbé ọmọ náà. Kò tíì jí tán tí ó tún fi gbé e, ó sì tún gbé e. Kí wọ́n tó rí zémidjan tí yóò gbé e lọ sí ìlú, wákàtí kan ti kọjá.

Àwa ni a fi ojú inú ya ọmọ yìí, a kò bá ilé ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń tọ́jú wárápá mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìyá náà fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì tàn án: oògùn náà lè yí ìwà ọmọ padà lóòótọ́. Ibi tí ó ti ṣì í ni pé ó dá oògùn dúró lójijì, kò sì sọ fún ẹni tí ó fún un ní oògùn náà.

KÍ NI WÁRÁPÁ?

Ọpọlọ ènìyàn kún fún àìlóǹkà èròjà kéékèèké tí ń fi agbára bí iná mànàmáná bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí gbogbo ará ọjà bá pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń wí? Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí nínú ọpọlọ nígbà tí wárápá bá dé. Ara á gbọ̀n, ojú á yí, itọ́ á hó lẹ́nu. Itọ́ yẹn kò lè ran ẹnikẹ́ni. Wárápá kì í ràn nípa ìfọwọ́kàn, nípa jíjẹ nínú àwo kan náà, tàbí nípa sísùn lórí ẹní kan náà.

Àwọn tí ó ń ṣe kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ní in láyé, àti pé nǹkan bí 8 nínú 10 wọn ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí, bíi tiwa. Ní ilẹ̀ Yorùbá ti Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá a láti ojúlé dé ojúlé ní ìlú Ìgbò-Ọrà. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, wọ́n rí i pé nǹkan bí 5 nínú 1,000 ènìyàn ni ó ní in níbẹ̀. Nítorí náà, bí ìjọ kan bá ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ilé bíi márùn-ún bá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́.

Kí ni ó ń fà á? Ọmọ tí kò tètè mí nígbà ìbí, àrùn tí ó wọ ọpọlọ, ọgbẹ́ orí, àti ibà tí ó le gan-an wà lára rẹ̀. Ní Blantyre, ní orílẹ̀-èdè Màláwì, àwọn dókítà tẹ̀ lé ọmọ 132 tí ibà ẹ̀fọn ti wọ̀ lọ́pọlọ tí wọ́n sì yè é. Ìwé wọn jáde ní 2010. Méjìlá nínú àwọn ọmọ náà ni wárápá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lẹ́yìn náà. Nínú ọmọ 264 mìíràn tí irú ibà bẹ́ẹ̀ kò ṣe, kò sí ẹyọ kan. Nínú àwọn tí ó yè yìí kan náà ni wọ́n ti rí àwọn ọmọ tí kò lè fọkàn sí nǹkan kan, tí wọ́n sì ń da ilé rú. Ẹ ò rí i pé ìbàjẹ́ kan ṣoṣo nínú ọpọlọ lè mú ìṣubú wá, kí ó sì mú ìwà wá pẹ̀lú.

Èyí ti pẹ́ tí a ti mọ̀ ọ́n. Ní erékùṣù Wight ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Michael Rutter àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò àwọn ọmọ ilé ìwé, wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1970. Nínú ọmọ 100 láwùjọ, nǹkan bí 7 ni ìwà tàbí ọkàn wọn ní ìdààmú tí ó ga. Nínú ọmọ 100 tí wárápá nìkan ń ṣe, ó tó 29. Nínú àwọn tí wárápá ń ṣe tí ọpọlọ wọn sì ti ní ọgbẹ́, ó tó 58. Ṣé gbogbo ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni kò mọ ọmọ tọ́ ni? Rárá o. Àìsàn náà àti ìwà náà ń rìn pọ̀.

ÌGBÀ MÁRÙN-ÚN TÍ Ó YẸ KÍ A MÁA ṢỌ́

Bí ọmọ tí wárápá ń ṣe bá hu ìwà tí kò dára, ẹ má tètè sọ pé àìgbọràn ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: ìgbà wo ni ó ṣe é?

Èkínní, kí ó tó gbé e. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí inú á máa bí wọn, tàbí tí ọkàn wọn á rẹ̀wẹ̀sì, ní wákàtí díẹ̀ tàbí ní ọjọ́ kan ṣáájú ìṣubú. Ìyá tí ó bá ti mọ èyí, bí ó bá rí i, kò ní rán ọmọ lọ sí ìdí kànga lọ́jọ́ náà, kò sì ní jẹ́ kí ó gun òkè.

Èkejì, nígbà tí ó ń gbé e lọ́wọ́ tí a kò mọ̀. Kì í ṣe gbogbo wárápá ni ó ń gbé ènìyàn ṣubú. Òmíràn wà tí ọmọ á kàn dákẹ́ lójijì, ojú rẹ̀ á dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa bá ohun tí ó ń ṣe lọ. Olùkọ́ á ní ó ń sùn lójúran. Òmíràn wà tí ọmọ á máa jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, tí á máa fa aṣọ ara rẹ̀, tàbí tí á dìde rìn kiri tí kò ní gbọ́ ìpè. Bí ẹ bá nà án nígbà náà, ẹ ń na ẹni tí kò sí nílé ni.

Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn tí ó bá gbé e tán. Orí ọmọ kò tíì padà bọ̀ sípò. Bí a bá dì í mú, ó lè lu ènìyàn, ó lè gé ènìyàn jẹ, kò sì ní rántí rẹ̀ mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó sinmi níbi tí kò séwu, kí ẹnì kan tí ó mọ̀ dáadáa jókòó tì í, kí ó máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, láàárín ọjọ́ tí ara rẹ̀ dá. Ohun méjì ni ó wà níbí. Ọgbẹ́ tí ó wà nínú ọpọlọ lè jẹ́ kí ó nira fún un láti fọkàn sí ẹ̀kọ́ tàbí láti kó ara rẹ̀ níjàánu. Ohun kejì sì ni ọgbẹ́ tí àwa ènìyàn dá sí i lọ́kàn. Ọmọ tí wọ́n bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọ́n lé kúrò nínú eré, tí wọ́n ń fi wárápá pè lórúkọ, báwo ni inú rẹ̀ kò ṣe ní máa bí i? Òmíràn kì í jà, ṣùgbọ́n ó ń dá jókòó, ó ń sunkún ní kọ́rọ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé irú ìyẹn, nítorí kò dá ẹnikẹ́ni láàmú.

Ẹ̀karùn-ún, láti ara oògùn. Gardénal, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ phénobarbital, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí wárápá láti ọdún 1912. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ó lè mú kí àwọn ọmọ kan máa tòògbé, kí àwọn mìíràn má lè jókòó, kí wọ́n sì máa bínú. Kì í ṣe gbogbo ọmọ o. Ní ìgbèríko kan ní Íńdíà, wọ́n fún ọmọ 94 ní phénobarbital tàbí oògùn mìíràn kí wọ́n lè fi wé ara wọn. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1998. Wọn kò rí i pé ìwà àwọn tí ó lo phénobarbital burú ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù oògùn náà kí ẹ tó lò ó. Ṣùgbọ́n bí ìwà ọmọ bá yí padà lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n fi kún un, ẹ tètè padà lọ sọ fún wọn. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà lè dín in kù, ó sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ẹ ra ìwé kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ń lò nílé ìwé. Ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò tí wárápá gbé e sí i. Ẹ kọ ìwà tí ó hù, ohun tí ó ń ṣe ṣáájú, bóyá ó sùn dáadáa, bóyá ibà ń ṣe é, bóyá ó lo oògùn rẹ̀. Bí ìyá kò bá mọ̀wé, kí ẹ̀gbọ́n ọmọ bá a kọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, ìwé yìí yóò sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ tán. Ẹ mú un lọ fún nọ́ọ̀sì. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ, yóò darí yín sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ọpọlọ tí ó wà ní ilé ìwòsàn ńlá ní Kútọnu àti ní Parakou.

Ẹ má ṣe dá oògùn dúró lójijì láéláé. Ẹ rà á kí ó tó tán. Bí ẹ bá ń lọ sóko káṣú tàbí sí Arigbo, kí oògùn bá yín lọ. Ní òru ìsọ́, ẹ tẹ́ ẹní fún ọmọ náà kí ó sùn. Ìyá wa kò ní bínú sí ọmọ tí ó sùn.

Ẹ má ṣe rọ ọmọ ní ìtọ̀ màlúù tàbí àgbo tábà. Ó lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, kí ó sì pa á. Ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná.

Nígbà tí ó bá gbé e, ẹ kó ohun líle àti iná kúrò nítòsí, ẹ fi aṣọ rọ̀ ọ́ lórí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má sì dì í mọ́lẹ̀. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí ó tún gbé e láìtíì jí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bákan náà, bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ ikú, tí ó ń pa ara rẹ̀ lára, tàbí tí ó ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn.

Ní ti ìbáwí, ọ̀nà méjì ni ó ń ba ọmọ jẹ́. Àwọn òbí kan ń na ọmọ fún àìsàn. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá sunkún, wárápá yóò gbé e, nítorí náà wọn kò jẹ́ sọ pé rárá fún un. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á di ọba kékeré nínú ilé, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ á sì kórìíra rẹ̀. Òwe wa ti yanjú rẹ̀: bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Kí òfin ilé jẹ́ díẹ̀, kí ó ṣe kedere, kí ó sì jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tí kò séwu: kí ó gbálẹ̀, kí ó ṣa ẹ̀wà, kí ó bọ́ adìẹ. Bí ó bá ṣe dáadáa, ẹ yìn ín lójú gbogbo ilé.

Ẹ̀yin olùkọ́, a bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó jókòó níwájú, kí ẹ sì sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àìsàn náà kì í ràn. Ẹ má lé e lọ sílé.

OLÚWA BÉÈRÈ ÌBÉÈRÈ

Ẹnì kan lè ní: ṣé Ìhìn Rere kò sọ pé ẹ̀mí àìmọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí a ka orí kẹsàn-án Ìhìn Rere Máàkù dáadáa. Bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ wá, ọmọ tí ó ń ṣubú sínú iná àti sínú omi. Kí Olúwa wa tó ṣe ohunkóhun, ó bi bàbá náà léèrè pé láti ìgbà wo ni ó ti ń ṣe é. Bàbá náà dáhùn pé láti kékeré ni. Jésù kò bú bàbá náà, kò sì na ọmọ náà. Ó fà á lọ́wọ́ dìde. Ìwé Siraki, ní orí 38, sì kọ́ wa pé Ọlọ́run kan náà ni ó dá oníṣègùn, tí ó sì mú oògùn jáde láti inú ilẹ̀. Àdúrà àti oògùn kì í ṣe orogún. Ẹ gba àdúrà àlùfáà, kí ẹ sì lo oògùn.

Ọmọ orílẹ̀-èdè wa kan ti fi èyí hàn wá. Wọ́n bí Grégoire Ahongbonon ní Benin. Iṣẹ́ táyà ni ó ń ṣe ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn aláìsàn wò, nígbà tí ó sì yá, ó ń tú àwọn alárùn ọpọlọ tí wọ́n so mọ́ igi tàbí tí wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ dè sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Saint Camille tí ó dá sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ní Benin, ní Avrankou àti ní Bohicon, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tí wárápá ń ṣe pẹ̀lú. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe àlùfáà. Ó kàn wo ẹni tí gbogbo ènìyàn ń sá fún, ó sì rí Krístì nínú rẹ̀.

Ìrètí wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 7 nínú 10 ẹni tí wárápá ń ṣe lè gbé láìṣubú mọ́ bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tí ó tọ́. Ọmọ yín lè ka ìwé, ó lè gba Ara Olúwa, ó lè kọ́ iṣẹ́, ó lè gbéyàwó tàbí kí ó lọ sílé ọkọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ náà bá tún da oúnjẹ nù lọ́la, kí a tó gbé pàṣán, kí a wo ẹ̀yìn. Ṣé ó ti gbé e láàárọ̀? Ṣé ó sùn lóru? Ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí oògùn rẹ̀ padà ni? Ẹ ṣí ìwé kékeré náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí Màríà Wúndíá, Ìyá wa ti Arigbo, máa bá wa bẹ Ọmọ rẹ̀ fún gbogbo ọmọ tí àìsàn ń gbé ṣubú, kí Ọlọ́run sì fún àwọn tí ń gbé wọn dìde ní agbára àti sùúrù. Àmín.